Bí Ọmọ Bá Pè Lóru Láti Yunifásítì
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

   Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ yín ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní ká má wá sọ̀rọ̀ ìwé kíkà, ká wá sọ iṣẹ́ tí à ń ṣe gan-an. Iṣẹ́ náà rèé: ní yunifásítì tí a wà, àwa là ń darí ètò tó ń dènà ìwà ipá láàárín olólùfẹ́ àti ìfipábánilòpọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń ti èèyàn lójú ni, pàápàá níwájú àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé-ìwé lára èrè ata, èrè aṣọ àti èrè ẹja, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló rò pé ewu tó wà ní yunifásítì kò ju ti ẹni tó lúgọ sínú igbó lóru lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀, a ò ní kò sí. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ wa níbí nìkan, ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ló ń ṣe é: ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe ìjọ, ọmọ ìlú ẹni tí a ní kó máa bá wa mójú tó o, olùkọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ ké olè, ó mọ̀ pé gbogbo ọjà á gbè é. Ẹni tó bá fẹ́ ké ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Kí lo wá lọ sí yàrá rẹ̀?"

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ èèyàn díẹ̀ ni, ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 31 ló ti jìyà lílù láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15, 9 sì sọ pé wọ́n ti hùwà ipá ti ìbálòpọ̀ sáwọn rí. Èyí tó sọ ọ́ nìyẹn o. Ìwádìí mìíràn wà tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní ọdún 2014, tí wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 24 léèrè ohun tí ojú wọn rí nígbà èwe. Obìnrin 1 nínú 4 àti ọkùnrin 1 nínú 10 sọ pé wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ àwọn kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àwa tí à ń gba jàmbáìtì wọlé lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú wọn ti gbé egbò wá láti ilé. Ẹlòmíì, ibi tó ti ń kiri ọjà fún wa ló ti ṣe é. Ẹlòmíì, ọkùnrin ni, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí torí pé wọ́n á fi rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan á ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ni. A ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Wọ́n ti fipá bá arúgbó tó wọ ìró àti bùbá lò, wọ́n ti bá ọmọ ọwọ́ lò. Aṣọ wo ni ọmọ ọwọ́ wọ̀?

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ní ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gba ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin náà ti ń bèèrè ìbálòpọ̀ kó tó tún máàkì rẹ̀ ṣe. Yunifásítì lé ọ̀jọ̀gbọ́n náà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ BBC gbé fíìmù kan jáde tí oníròyìn wọn fi kámẹ́rà tó pamọ́ yà, nípa àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó àti ti ìlú Gánà. Ariwo sọ. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin kan tó ní kí wọ́n lè rán olùkọ́ tó bá ṣe irú ẹ̀ lẹ́wọ̀n títí dé ọdún 14.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ọmọ mélòó ló ní fóònù tó dára láti gba ohùn sílẹ̀, tó sì tún ní àyà láti gbé e jáde? Ẹ̀yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa, kó má tiẹ̀ bàjẹ́ rárá ni.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Àwọn kan lérò pé kí a kàn kó àwọn ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn ńlá lọ́jọ́ kan, kí àgbà kan bá wọn wí, kí wọ́n jẹ míńtì, kí wọ́n máa lọ. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ètò yìí tipẹ́, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí CDC, àjọ tó ń rí sí ìlera ní Amẹ́ríkà, kó àbájáde 140 jọ nípa oríṣiríṣi ètò tó fẹ́ dẹ́kun ìwà yìí. Wọ́n rí i pé ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í yí ìwà padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé. Ta ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọjà títà lọ́jọ́ kan?

Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ là ń ṣe tiwa, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, ọmọ 15 tàbí 20 lẹ́ẹ̀kan náà, nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, nínú ẹgbẹ́ ìjọ wọn, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. À ń lo eré. Ọmọ kan á ṣe bí olùkọ́, ọmọ kan á ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, àwọn yòókù á máa wò, wọ́n á sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí padà. A tún ń bá àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀: aṣọ́nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta oúnjẹ ní búkà. Ká sòótọ́, àwọn ìyá búkà yẹn ni wọ́n ń yá wa lórí jù. Wọ́n mọ ọmọ tó ti ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ tí kò jẹun mọ́. Wọ́n mọ èyí tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ń dúró tì bí ọlọ́pàá títí tó fi jẹun tán.

Ohun àkọ́kọ́ tí à ń kọ́ àwọn obìnrin ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún àgbà. Ẹ má bínú sí wa. A ò ní kí ọmọ má bọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọmọ tí a ti kọ́ láti kékeré pé kó máa kúnlẹ̀, kó má wo ojú àgbà, kó má fèsì, bí àgbà náà bá wá pè é sí ọ́fíìsì lẹ́yìn agogo mẹ́fà tó sì ti ilẹ̀kùn, èdè wo ló máa fi kọ̀? Kò ní in. A ò kọ́ ọ. Nítorí náà à ń fún wọn ní èdè náà, èdè ọmọlúàbí ni. "Ẹ má bínú sà, mi ò ní lè wá nìkan, èmi àti ẹnì kejì mi la máa wá." "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀." Wọ́n á kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́. Bí ẹni náà kò bá gbà, ìgbà náà la ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n pariwo, kí wọ́n bù ú jẹ, kí wọ́n ṣe ohunkóhun tó bá gbà. Ọ̀wọ̀ parí níbẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé irú ẹ̀kọ́ báyìí ń ṣiṣẹ́. Ní yunifásítì mẹ́ta ní Kánádà, wọ́n pín ọmọbìnrin 893 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní ìwé pélébé lásán. Wọ́n kọ́ apá kejì ní ìgbà mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta: bí a ṣe ń mọ ewu lára ẹni tí a mọ̀ kó tó pẹ́ jù, bí a ṣe ń borí ojú-tì, bí a ṣe ń jà. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn tó gba ìwé pélébé ni wọ́n ti fipá bá lò. Lára àwọn tí wọ́n kọ́, nǹkan bí 5 nínú 100 ni. Ọdún 2015 ni àbájáde náà jáde. Àwọn tó ṣe é sọ ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tí aburú ṣì wá ṣẹlẹ̀ sí, kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe é ló jẹ̀bi. Ẹ ò lè bá ẹni tí olè jà wí pé àgádágodo rẹ̀ kéré.

Àwọn ìyá ọmọkùnrin, ẹ ti ń mi orí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó bí obìnrin ni. Ó kù síbẹ̀. Ọkùnrin ni ìlàjì àwọn tí à ń kọ́, àwọn ni iṣẹ́ wọn sì le jù. Wọ́n ti sọ fún wọn látilẹ̀ pé obìnrin kì í tètè gbà, pé bó bá ní "rárá" ojú ló ń tì í, pé kí ọkùnrin ṣáà tẹra mọ́ ọn. Ọmọkùnrin míì á rò pé òun ra oúnjẹ fún un, òun san owó kẹ̀kẹ́, nítorí náà ó jẹ òun ní gbèsè. A máa ń sọ fún wọn pé owó tí wọ́n fi ra ṣàwámà, ṣàwámà ló rà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé àṣà òyìnbó ni kí èèyàn máa bèèrè bóyá obìnrin gbà. Irọ́ ni. Nínú ètò ìgbéyàwó àwọn baba wa, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, ìpele kan wà tí wọ́n ń pè ní ìjọ́hẹn. Alárinà á lọ, á bọ̀, títí ọmọbìnrin á fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé hẹn. Kó tó sọ ọ́, kò sí ìtọrọ, kò sí ìdána. A mọ̀ pé bàbá míì kì í bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kó tó fi í fọ́kọ, a ò fẹ́ fi àtijọ́ ṣe àwòkọ́ṣe gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà lédè wa, ó ní orúkọ. Ẹni tó sùn lọ kò jọ́hẹn. Ẹni tó mutí yó kò jọ́hẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó dákẹ́, kò jọ́hẹn. Ẹni tó sì jọ́hẹn lánàá lè kọ̀ lónìí.

Ohun kejì tí à ń kọ́ tọkùnrin tobìnrin ni ti ẹni tó wà nítòsí. Èyí, ọwọ́ yín la ti lè kọ́ ọ. Bí ọkùnrin kan bá fi ìbínú wọ ọjà tó fẹ́ lu ìyàwó rẹ̀ nínú ìsọ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹnì kan á dìde lọ bá a tààrà pé, "Bàbá Wálé, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níbí." Ẹnì kan á sáré lọ pe ìyálọ́jà. Ẹnì kan tó gbọ́n jù wọ́n lọ á kàn kígbe pé, "Ìyá Wálé, ẹ sáré wá o, oníbàárà yín dé, ó fẹ́ san gbèsè!" Kò sí oníbàárà kankan. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti kúrò níbẹ̀, ìbínú ọkùnrin sì ti rọ̀ díẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta yìí náà ni àwọn yunifásítì òyìnbó kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn: dá sí i, pe ẹni tó lágbára, tàbí fi nǹkan mìíràn gba ọkàn wọn. Ọmọ tó bá rí i pé wọ́n ń fa ọ̀rẹ́ òun tó ti mutí yó wọ yàrá, kó lọ sọ pé, "Mo ti ń wá ẹ, ìyá ẹ wà lórí fóònù." Ó tó. Kò nílò ìjà.

Ìfẹ́ tó ń di ìyà ńkọ́? Èyí kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbájú. Fóònù ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tó pè é. Ó fẹ́ mọ nọ́ńbà àṣírí tó fi ń ṣí i. Kò fẹ́ kó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ rìn mọ́, kò fẹ́ kó lọ sílé nígbà ọlidé. Ó ń bínú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún, ó tún ra ẹ̀bùn. Ọmọ wa á máa rò pé owú ìfẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá bèèrè fọ́tò ìhòòhò, bó bá sì ti rí i gbà, ó ti ní ìjánu lọ́wọ́ nìyẹn: "Bó o bá fi mí sílẹ̀, màá gbé e sí Facebook." Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọmọ tó wà nínú irú ìdẹkùn yìí, ẹ̀rù yín ló ń bà á ju ẹ̀rù ọkùnrin náà lọ. Á máa ṣe gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ní kó ṣe, kí ìyá òun má baà rí fọ́tò. Bí ó bá mọ̀ pé òun lè sọ fún yín, ìjánu náà já. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 wà tí wọ́n lè fi mú ẹni tó ń fi fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn báyẹn. Kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀rí ni.

A ti wá dé ibi tí a fẹ́ lò pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fóònù dún ní agogo kan òru. Ọmọ yín ni. Ó ń sunkún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, ó ṣáà ń pe "Màámi, Màámi." Ẹ ti mọ̀ nínú ara yín. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ló máa pinnu bóyá ọmọ náà á sọ èyí tó kù. Bó bá jẹ́ "Mo ti kìlọ̀ fún ẹ," yóò pa fóònù. Bó bá jẹ́ "Ẹ̀sín rèé, kí làwọn èèyàn máa sọ," yóò pa fóònù. Bí yóò bá sì tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó lè di ọdún mẹ́wàá. Ohun tí a bẹ̀ yín kí ẹ sọ kò pọ̀. "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Níbo lo wà? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?" Ìbéèrè tó kù lè dúró di ọ̀la. Ẹ lè sunkún, kò burú. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó rò pé òun ló pa yín lẹ́kún.

Ìdí tí a fi ń kánjú ni pé wákàtí ń lọ. Oògùn wà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV wọlé sí i lára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe tètè tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ló máa fi lò ó. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún wà, ó lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n òun náà, bó bá ṣe yá tó ló ṣe sàn tó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn. Bó bá lè mú un mọ́ra, kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ. Kó kó aṣọ náà sínú àpò bébà, kó má jẹ́ ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kó bu. Bó bá ti wẹ̀, kó ṣì lọ. Bó bá ti ju ọjọ́ 3 lọ, kó ṣì lọ, ìtọ́jú ṣì wà. Ilé-ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Ìjọba Èkó tún ní àjọ kan tó ń jẹ́ DSVA fún ọ̀rọ̀ yìí, pípè wọn kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ti ń ṣí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ wádìí èyí tó sún mọ́ ilé-ìwé ọmọ yín kí ọmọ tó wọlé, bí ẹ ṣe ń wádìí owó yàrá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí á dé. A mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé ohun mímu wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ọmọ wa lọmọ yín, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Ẹlòmíì á tilẹ̀ ní kó kúkú fẹ́ ẹ. Èrò tiwa rèé, ẹ sì lè má gbà: gbèsè la fi ń bẹ̀bẹ̀, ìjà àdúgbò la fi ń parí nílé. Òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé ẹni tó fipá bá èèyàn lò lè lo gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá wa ti ń sọ di tiwọn, gba obìnrin, ó sì gba ọkùnrin tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ sí. Bí ọmọ náà bá sọ pé òun kò fẹ́ ẹjọ́, ìyẹn tirẹ̀ ni, kí a gbọ́ ọ. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí àgbà mẹ́fà jókòó ní pálọ̀ kí wọ́n fi orúkọ ọmọ pa ọtí láìbi í.

Ó ku ohun kan, owó ni. A ò wá tọrọ owó o, ẹ fọkàn balẹ̀. A kàn fẹ́ bá ẹgbẹ́ ní gbólóhùn kan. Ẹ ní owó pàjáwìrì fún òkú, fún àìsàn, fún ìsọ̀ tó bá jóná. Ẹ ṣeun. Bí ọmọ kan bá wà nínú wàhálà tí a ń sọ yìí, owó ọkọ̀ òru ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ nílò, owó ilé-ìwòsàn, owó láti fi gba yàrá mìíràn fún ọmọ tó ń gbé nítòsí ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá wá tọrọ ẹ̀yáwó, ẹ máa bi í níwájú gbogbo ìpàdé pé kí ló fẹ́ fi ṣe, onídùúró rẹ̀ náà á bèèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà á ti gbọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìyá kì í wá. Wọ́n á lọ yá owó èlé lóde, tàbí kí wọ́n jókòó sílé títí wákàtí 72 á fi kọjá.

Ṣé ẹgbẹ́ yìí lè fi ìlà kan kún ìwé owó pàjáwìrì rẹ̀? Kí ó jẹ́ owó kékeré, kí alága àti akápò nìkan lè fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n kọ "ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé" síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ẹnì kan á ní àwọn kan á fi rẹ́ ẹgbẹ́ jẹ. Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń ṣọ́ owó yín, ẹ ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá, owó kò sì sọnù. Ẹ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.

A ti kọ nọ́ńbà àwọn ilé ìtọ́jú àti ti ọ́fíìsì wa sórí bébà pélébé, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, ẹ fi sínú ìwé ẹ̀yáwó yín. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà lẹ́yìn náà lè mú tiwọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn títí di agogo mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kó ṣe bí ẹni tó fẹ́ béèrè bí ọmọ òun ṣe lè wọ yunifásítì. Ìbéèrè yẹn làwọn èèyàn máa ń bi wa níbi gbogbo, kò sẹ́ni tó máa fura.